Ẹkùn Ìdìbò Tó Gba Gbogbo Montana: Bó Ṣe Dé, Bó Ṣe Parẹ́, Àtàwọn Tó Ṣojú Rẹ̀

Bí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, tí ẹ wá kan ìpínlẹ̀ Montana, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ ó rí Ryan Zinke tó ṣojú gbogbo Montana láti ọdún 2015, ẹ ó sì tún bá a lọ́dún 2023 níbi tí wọ́n ti pè é ní aṣojú ẹkùn kìíní. Ẹ ó rí Jeannette Rankin, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Kóńgíréèsì, tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹkùn kan ní 1917, tí wọ́n sì kọ sábẹ́ ẹkùn mìíràn ní 1941. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ààlà Montana kò yẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di ìpínlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín àga aṣòfin fún un ló ń yí padà. Ẹkùn tó gba gbogbo ìpínlẹ̀ náà wà nígbà kan, ó parẹ́, ó padà wá, ó sì tún parẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2023. Èmi gbà pé ibi tí ìlà ẹkùn gbà kọjá, àti iye orí tí ìjọba bá kà, máa ń pinnu ẹni tó lè wọlé ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn gbangba tó ti Montana.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Kóńgíréèsì Amẹ́ríkà ní ilé méjì. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, sẹ́nétọ̀ méjì-méjì ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rán lọ, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú yàtọ̀: àga 435 ló wà níbẹ̀, iye ènìyàn tó ń gbé ìpínlẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pín in. Ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ka ènìyàn, tí wọ́n bá sì kà á tán, wọn á tún àga pín. Ìpínlẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ á gba púpọ̀, èyí tí èrò rẹ̀ kò tó nǹkan á gba díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè wọn sọ pé kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ní ní àga kan, ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ tó bá gba ẹyọ kan kò ní ìdí láti fa ìlà kankan sínú ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di ẹkùn kan, ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo olùdìbò ibẹ̀ á sì dìbò yàn. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní at-large.

Ó yé mi bó ṣe máa ń rú àwa ọmọ Nàìjíríà lójú. Lọ́dọ̀ wa, kódà Bayelsa tó kéré ní aṣojú márùn-ún ní ilé kékeré l'Ábùjá, nítorí náà kò sí aṣojú kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ń ṣojú ìpínlẹ̀ òun. Tí a bá wá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣojú gbogbo Montana, sẹ́nétọ̀ ni ọkàn wa á lọ sí. Kì í ṣe sẹ́nétọ̀. Ọdún mẹ́fà ni sẹ́nétọ̀ ń lò, ọdún méjì péré ni aṣojú yìí ń lò kó tó tún padà lọ bẹ ará ìlú. Àwọn olùdìbò kan náà ló ń yan àwọn méjèèjì, a ó sì rí ohun tí ìyẹn fà tó bá yá.

Ilẹ̀ Montana tóbi. Ó fẹ̀ tó 380,800 kìlómítà níbùú-lóròó, ó tóbi ju gbogbo orílẹ̀-èdè Jámánì lọ. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ jẹ́ òkè gíga, igbó àti ibi ìwakùsà; ìlà-oòrùn rẹ̀ jẹ́ pápá ìdamàlúù àti oko àlìkámà tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Ìlú Butte tí àwọn awakùsà bàbà kún inú rẹ̀ àti abúlé àwọn darandaran ní ìlà-oòrùn kì í sábà ronú bákan náà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣojú gbogbo wọn pọ̀ ní láti mọ ohùn àwọn méjèèjì.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1889 ni Montana di ìpínlẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ lásán ni, ó ní aṣojú kan tó lè sọ̀rọ̀ nínú ilé ṣùgbọ́n tí kò lè dìbò. Thomas Carter ló wà lórí àga yẹn kẹ́yìn, òun náà ló sì di aṣojú àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ó lo nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ó padà di sẹ́nétọ̀. William Dixon, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, tẹ̀ lé e ní 1891. Charles Hartman wá ní 1893, ìtàn tiẹ̀ sì fi bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ hàn: ẹgbẹ́ Republican ló gbé e wọlé, àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ̀ láti ti owó fàdákà lẹ́yìn ní 1896, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń pè ní Republican onífàdákà. Fàdákà ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ará Montana nígbà yẹn, kò sì sí olóṣèlú ibẹ̀ tó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Albert Campbell ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1899. Caldwell Edwards tẹ̀ lé e ní 1901 lábẹ́ ẹgbẹ́ Populist, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí inú ń bí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Dixon, tó padà di sẹ́nétọ̀ àti gómìnà, kó tó wá kan Charles Pray láti 1907 títí di 1913. Ẹni méje láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún, láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àga náà kò tíì ní ilé kan pàtó.

Ìkànìyàn ọdún 1910 ló yí nǹkan padà. Èrò tó wà ní Montana lé ní 376,000, àga rẹ̀ sì di méjì láti ọdún 1913. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn aṣòfin Montana kò tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àga méjèèjì sábẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀: olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò méjì lọ́wọ́, ẹni méjì tí ìbò wọn bá pọ̀ jù ló ń wọlé. John Evans àti Tom Stout, ọmọ Democrat méjèèjì, ló kọ́kọ́ jókòó lórí àga yìí.

Ní 1916, Stout kò díje mọ́. Jeannette Rankin jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican. Ẹ̀yìn ìlú Missoula ni wọ́n ti bí i, òun ló sì ṣáájú ìjà tó mú kí àwọn obìnrin Montana gba ẹ̀tọ́ ìbò ní 1914, ọdún mẹ́fà kí ẹ̀tọ́ náà tó kárí Amẹ́ríkà. Wellington, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló dúró tì í, amòfin tó lówó lọ́wọ́, tó sì darí ìpolongo rẹ̀. Rankin wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wọ mọ́tò, ó gun ẹṣin, ó dé ibùdó àwọn awakùsà àti ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ní àárín pápá.

Ẹ wo bí ètò ìdìbò náà ṣe ràn án lọ́wọ́. Ọdún yẹn gan-an, Woodrow Wilson ti Democrat ló gba Montana nínú ìdìbò ààrẹ. Ká ní ẹkùn oníkan ni, tí Rankin ní láti kojú Evans ní ojúkojú, ọ̀rọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbò méjì ló wà lọ́wọ́ olùdìbò. Ọmọ Democrat tó fẹ́ràn Evans lè fi ìbò kan fún un, kó sì fi ìkejì fún obìnrin tó wá kí i ní ìlú rẹ̀ láì da ẹgbẹ́ rẹ̀. Evans ṣe ipò kìíní, Rankin ṣe ipò kejì, àwọn méjèèjì sì wọlé. Báyìí ni obìnrin àkọ́kọ́ ṣe dé Kóńgíréèsì.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1917 ni wọ́n búra fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Wilson wá síwájú ilé méjèèjì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Amẹ́ríkà bá Jámánì jagun. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ẹni 373 fọwọ́ sí i, ẹni 50 kọ̀ ọ́. Rankin wà lára àwọn tó kọ̀. Nínú àádọ́ta yẹn, òun nìkan ni obìnrin, òun sì ni ojú gbogbo ìwé ìròyìn wà lára rẹ̀. Nígbà tí iná jó ní ibi ìwakùsà Speculator ní Butte ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, tí ẹni 168 kú, ó gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, kò sì dùn mọ́ ilé iṣẹ́ bàbà ńlá tó ń darí ìpínlẹ̀ náà nínú.

Lẹ́yìn náà ni ìlà dé. Àwọn aṣòfin Montana pín ìpínlẹ̀ sí méjì, ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn, fún ìdìbò ọdún 1918. Ilé Rankin bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹgbẹ́ Democrat ti rinlẹ̀. Ó mọ̀ pé agbára òun wà káàkiri ìpínlẹ̀, pé wọ́n ti gé àwọn àgbẹ̀ ìlà-oòrùn tó dìbò fún òun kúrò. Àga Kóńgíréèsì kan ṣoṣo tí gbogbo Montana ṣì ń dìbò fún lọ́dún yẹn ni ti sẹ́nétọ̀, ìyẹn ló sì lọ dù. Ó pàdánù ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ kékeré kan, ó ṣe ipò kẹta. Ó dùn mí láti kà á. Nǹkan púpọ̀ ló fa ìjákulẹ̀ rẹ̀, ìbò rẹ̀ lórí ogun wà níbẹ̀, àmọ́ ìlà tí wọ́n fà yẹn ti dí ọ̀nà tó gbà wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi àpótí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í mú nìyí. Rankin padà sí ilé aṣojú ní 1941, ẹkùn kìíní ní ìwọ̀-oòrùn ló sì gbé e lọ nígbà yẹn. Ìbò rẹ̀ tó lókìkí jù, nígbà tí òun nìkan kọ ogun pẹ̀lú Japan ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1941 tí ẹni 388 gbà á, tí ó sì ní láti sá wọ inú àpótí tẹlifóònù nítorí àwọn èrò tó ń bínú, ti ẹkùn ìwọ̀-oòrùn ni. Ìbò 1917 nìkan ló jẹ́ ti ẹkùn gbogbo ìpínlẹ̀. Bákan náà ni ti Evans: títí di 1919, gbogbo Montana ló ń ṣojú fún, ẹkùn kìíní ni láti ìgbà náà.

Láti 1919 títí di 1993, ẹkùn méjì ni Montana ní. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin nìyẹn, mi ò sì ní dúró níbẹ̀ pẹ́, nítorí pé ẹkùn tí à ń sọ kò sí láyé nígbà yẹn. Ohun kan tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni òfin tí Kóńgíréèsì ṣe ní 1967. Òfin náà sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá ní ju àga kan lọ gbọ́dọ̀ pín ara rẹ̀ sí ẹkùn oníkan-kan. Irú ètò ìbò méjì tó gbé Rankin wọlé kò tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́ lónìí.

Ìkànìyàn 1990 ló jí ẹkùn àtijọ́ dìde. Montana kò pàdánù èrò, ó kàn jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn yára dàgbà jù ú lọ. Wọ́n gba àga kan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí àwọn ará Montana, wọ́n gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ yìí dára láti mọ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ohun tí ìjọba ń lò láti 1941 nìyí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gba àga kan. Àga 385 tó kù á wá máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù. Láti mọ nọ́ńbà ìpínlẹ̀ kan, wọ́n á sọ iye àga tó ní lọ́wọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú èyí tó ń wá. Wọ́n á wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, iye yẹn náà la ó rí. Òun ni wọ́n á fi pín iye ènìyàn ibẹ̀. Montana ní ènìyàn 803,655 nínú ìṣirò náà. Ó ní àga kan, ó ń wá ìkejì, 1 lọ́nà 2 jẹ́ 2, nọ́ńbà tí à ń wá sì jẹ́ nǹkan bí 1.414. Tí a bá fi pín 803,655, a ó rí nǹkan bí 568,270. Ìpínlẹ̀ Washington ní 4,887,941, ó ní mẹ́jọ, ó ń wá ìkẹsàn-án. Tiẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 576,050. Washington borí, àga sì tán.

Montana ní ìṣirò náà kò tọ́. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, bí a bá pín ènìyàn dọ́gba-dọ́gba, ẹkùn kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní 572,466. Ẹkùn Montana kan ṣoṣo fi 231,189 ju ìyẹn lọ, nígbà tí ẹkùn mẹ́sàn-án Washington fi 29,361 kéré sí i. Bí wọ́n bá fún Montana ní méjì, tí Washington sì dúró sórí mẹ́jọ, ti Montana á fi 170,638 kéré, ti Washington á fi 38,527 pọ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: àlàfo inú ètò ìjọba jẹ́ 260,550, ti Montana jẹ́ 209,165. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á gbà pé Montana sọ òótọ́, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ náà sì dá a láre.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà láti wọn àìdọ́gba, ìyẹn ni ká bi pé ìlọ́po mélòó ni ẹkùn kan fi ju èkejì lọ. Nínú ètò ìjọba, ẹkùn Montana tóbi tó ẹkùn Washington kan lọ́nà 1.48. Nínú ètò tí Montana ń fẹ́, ẹkùn Washington ni ì bá tóbi ju ti Montana, lọ́nà 1.52. Lórí òṣùwọ̀n yìí, ètò ìjọba ló sún mọ́ ìdọ́gba jù. Òṣùwọ̀n méjì, ìdáhùn méjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ohùn kan sọ pé òfin orílẹ̀-èdè fún Kóńgíréèsì láyè láti yan òṣùwọ̀n tó bá wù ú, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ẹjọ́ parí. Ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin di ti aṣojú kan.

Aṣojú méjì tó wà lórí àga nígbà náà kò sì fẹ́ kúrò. Pat Williams ti Democrat ti ń ṣojú ìwọ̀-oòrùn láti 1979, Ron Marlenee ti Republican ti ń ṣojú ìlà-oòrùn láti 1977. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan ṣoṣo. Ní oṣù Kọkànlá 1992 wọ́n kọjú ìjà sí ara wọn, òkè kojú pápá, Williams sì borí pẹ̀lú ìbò tí kò fẹ̀ rárá. Ó ṣe é di 1997. Láti ìgbà tó ti lọ títí tí ẹkùn náà fi parẹ́, Democrat kankan kò tún gba àga yẹn mọ́.

Rick Hill ló tẹ̀ lé e. Denny Rehberg wọlé ní 2001, ó lo ọdún méjìlá, òun ló sì pẹ́ jù nínú gbogbo àwọn tó ṣojú ẹkùn náà. Lẹ́yìn rẹ̀, àga náà di àkàbà. Ẹni tó bá ti gba ìbò gbogbo Montana lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n ṣe, orúkọ rẹ̀ sì ti dé gbogbo ìlú tí ẹni tó fẹ́ di sẹ́nétọ̀ tàbí gómìnà gbọ́dọ̀ dé. Rehberg gbìyànjú láti di sẹ́nétọ̀ ní 2012, Jon Tester lù ú bolẹ̀. Steve Daines gba àga rẹ̀, ó lo ọdún méjì péré, ó di sẹ́nétọ̀. Ryan Zinke wọlé ní 2015, ó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2017 nígbà tí Ààrẹ Donald Trump fi ṣe mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ọgbà ìjọba àpapọ̀. Greg Gianforte gba àlàfo náà nínú ìdìbò oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò ló gbé akọ̀ròyìn kan ṣánlẹ̀, tó sì padà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ti fi ìbò wọn ránṣẹ́ nínú lẹ́tà kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀. Gianforte di gómìnà ní 2021, Matt Rosendale sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Rosendale ni ẹni ìkẹyìn. Ìkànìyàn 2020 rí ènìyàn 1,084,225 ní Montana, àga kejì tó ti sọnù fún ọgbọ̀n ọdún sì padà. Kí ẹ lè mọ bí irú nǹkan yìí ṣe máa ń dín-dín: ní ọdún kan náà, New York pàdánù àga kan nítorí ènìyàn 89 tó kù kó pé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, Republican méjì, Democrat méjì àti alága kan, ló fa ìlà tuntun ní 2021. Missoula, Butte àti Bozeman wà ní ìwọ̀-oòrùn. Billings, Great Falls àti Helena wà ní ìlà-oòrùn. Rosendale gba ẹkùn kejì ní ìlà-oòrùn, Zinke padà wá gba ẹkùn kìíní. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Zinke fi wà lábẹ́ ẹkùn méjì láì kó kúrò nílé rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló ṣì ní aṣojú kan ṣoṣo lónìí: Alaska, Delaware, North Dakota, South Dakota, Vermont àti Wyoming. Montana lè padà dara pọ̀ mọ́ wọn bí ìkànìyàn kan bá tún rí i pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti fi í sẹ́yìn, nítorí pé 435 ṣì ni àga náà, ìṣirò 1941 náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ìkànìyàn tó ń bọ̀ jẹ́ ti ọdún 2030.